Wọ́n ní igbó kìjikìji kún fún ẹranko, ewé nìkan ni mo rí

Ìbéèrè:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí bí mo ṣe fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀. Ojoojúmọ́ là ń gbọ́ pé igbó kìjikìji ilẹ̀ olóoru ni ilé ẹranko, pé ó ju ìdajì irú ohun abẹ̀mí orí ilẹ̀ lọ tó ń gbé ibẹ̀. Mo wọ ọ̀kan láàárọ̀, mo rìn ín títí ọ̀sán fi pọ́n. Ewé ni mo rí. Ewé, gbòǹgbò, eèrà àti òógùn ara mi. Mò ń gbọ́ igbe ẹyẹ lókè bí ẹni pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, n kò rí ìyẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn tó ń gbé fọ́tò ẹkùn síta, ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa ni? Àbí rírìn mi ni kò tó?

* * *

Àbúrò, wọn ò parọ́. Rírìn rẹ tó, ó tiẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìsàlẹ̀ lo ti ń rìn, òkè sì ni ilé àwọn tí ò ń wá.

Nínú igbó tí ayùn kò tíì dé, orí àwọn igi máa ń pàdé ara wọn ní nǹkan bí mítà 30 sí 45 sókè, àwọn òmìrán bí àràbà á tún yọrí kọjá wọn. Òrùlé yẹn ló ń gba oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ tó ń jò dé ilẹ̀ kì í sábà ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ibi tí oòrùn wà ni ọ̀jẹ̀lẹ̀ ewé, òdòdó àti èso wà, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó ń jẹ wọ́n pọ̀ sí. Ní 1982, Terry Erwin, onímọ̀ kòkòrò ará Amẹ́ríkà, kọ nípa ohun tó ṣe ní Panama: ó fín oògùn kòkòrò sórí igi 19 tó jẹ́ irú kan náà, ó gba ohun tó já bọ́. Kòkòrò ẹlẹ́yìn líle nìkan, ẹbí yímíyímí, tó nǹkan bí irú 1,200. Láti ibẹ̀ ló ti ṣírò pé irú kòkòrò àti àwọn ìbátan wọn láyé lè tó 30 mílíọ̀nù. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ní ìṣirò yẹn ti pọ̀ jù, àríyànjiyàn rẹ̀ kò sì tán, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jiyàn iye tó já bọ́ látorí igi 19.

Nítorí náà má wá ẹranko. Wá igi tó ń so, kí o jẹ́ kí ẹranko wá bá ọ níbẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ọ̀rọ̀ yìí kò kọjá bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà fún mi kíákíá.

* * *

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti ka èsì tí ẹ kọ sábẹ́ ìdáhùn mi, ẹ ti pín sí méjì. Apá kan ní kó máa rìn lọ, pé bí ó bá ṣe rìn jìnnà tó ni yóò ṣe pàdé nǹkan tó. Apá kejì ní kó jókòó. Ẹ̀yìn àwọn tó ní kó jókòó ni mo wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí ó bá ti rẹ ènìyàn là ń jókòó sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kó máa rìn, ẹ mẹ́nu kan àwọn onímọ̀ tó ń ka ọ̀bọ nínú igbó. Lóòótọ́ wọ́n ń rìn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń rìn ín: nǹkan bí kìlómítà kan ní wákàtí kan, láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, wọ́n á sì máa dúró léraléra láti tẹ́tí sílẹ̀. Ẹni tó ń rin kìlómítà mẹ́rin ní wákàtí kan, eré ìdárayá ló ń ṣe. Kó tó dé, ọ̀bọ ti rí i, wọ́n ti kìlọ̀ fún ara wọn, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ka. Òun á kọjá lábẹ́ wọn, á délé, á ní igbó ṣófo.

Ibi tí mo fẹ́ràn láti jókòó sí ni ìtòsí ọ̀pọ̀tọ́ tàbí ọdán tó ń so lọ́wọ́. Ẹbí igi yìí wà nínú igbó olóoru káàkiri ayé, ohun kan sì yà á sọ́tọ̀. Agbọ́n kékeré kan báyìí ló ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó rẹ̀ láti igi kan dé òmíràn kí ó lè so, irú igi kọ̀ọ̀kan sì sábà máa ń ní agbọ́n tirẹ̀. Agbọ́n yẹn kì í lò ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ lẹ́yìn tó bá ti jáde. Bí gbogbo igi náà bá ń so lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n sì ń sinmi lẹ́ẹ̀kan náà, agbọ́n á run. Ìdí nìyí tí ọ̀kan fi máa ń so nígbà tí èkejì ń sinmi, tí o fi lè rí èyí tó ń so ní oṣù èyíkéyìí. Nígbà tí igi yòókù bá gbófo, ibẹ̀ ni gbogbo ẹnu ń dà sí.

Bí o bá dé abẹ́ rẹ̀, má tíì gbójú sókè. Wo ilẹ̀. Èso tí eyín gé lẹ́ẹ̀kan péré tí wọ́n sọ nù, tí ojú ibi tí wọ́n gé ṣì ń tàn fún omi, iṣẹ́ ọ̀bọ ni, kò sì tíì pẹ́ rárá. Bí ojú ibẹ̀ bá ti dúdú tí eèrà ti bò ó, ti àná ni. Èyí tí wọ́n gún ní ihò ṣóńṣó ṣóńṣó, ẹyẹ ni. Èyí tí ó ní ipa eyín tẹ́ẹ́rẹ́ méjì méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, ọ̀kẹ́rẹ́ tàbí ìbátan rẹ̀ ni. Bí o bá wá rí ìdì kéékèèké tó gbẹ, tó rí bí òwú tí wọ́n jẹ lẹ́nu tí wọ́n tu dànù, àdán ló fa omi inú èso mu lóru tó sì tu ìyàngbò rẹ̀ sílẹ̀. O ò tíì rí ẹranko kan, o sì ti mọ mẹ́rin tó ń wá síbẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n ń wá.

Ìgbà yẹn ni kí o wá ibi tí wàá fẹ̀yìn tì, kó jìnnà díẹ̀ sí ìdí igi. Ẹni tó bá jókòó sábẹ́ rẹ̀ gan-an, ọrùn ni yóò máa ro ó, ìsàlẹ̀ ewé nìkan ni yóò sì máa rí. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún àkọ́kọ́, kò ní sí nǹkan kan. Má ṣí fóònù. Lẹ́yìn náà ni wàá tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ lórí ewé gbígbẹ: tó, tó, tó. Èso ti ń já bọ́. Ẹnìkan ti ń jẹun lókè. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.

* * *

“Bí kò bá sí ọ̀pọ̀tọ́ níbi tí ènìyàn wà ńkọ́?”

Ìbéèrè dáadáa. Igbó kò rí bákan náà. Ní Borneo, erékùṣù ńlá kan ní Éṣíà, àti àgbègbè rẹ̀, àwọn igi ńláńlá tí ẹbí wọn ń jẹ́ dipterocarp lè lo ọdún méjì, mẹ́ta, nígbà mìíràn tó súnmọ́ mẹ́wàá láìso dáadáa, kí gbogbo wọn wá so pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìgbà ọ̀dá tí El Niño, gbígbóná omi òkun Pacific tó ń da ojú ọjọ́ rú, bá mú wá ló sì sábà máa ń jẹ́. Ẹni tó bá bọ́ sí ọdún àìso, tó ń retí ariwo àjẹyó, kò ní rí i.

Ohun kejì tí mo máa ń wá ni ìjàlọ. Mo rí i pé ẹ̀rù ló kọ́kọ́ ń ba yín, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjàlọ bá tú jáde láti ṣọdẹ, gbogbo ohun tó wà lábẹ́ ewé gbígbẹ ló ń sá jáde: ìrẹ̀, alántakùn, àkeekèé, aáyán. Àwọn ẹyẹ kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa tẹ̀ lé ìjàlọ kí wọ́n sì máa he àwọn tó ń sá. Kì í ṣe ìjàlọ gan-an ni wọ́n ń jẹ. Ní Amẹ́ríkà olóoru, eèrà tí wọ́n ń pè ní Eciton burchellii ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ní Áfíríkà, ẹbí Dorylus ni. Ẹyẹ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rí òun ní ọjọ́ mìíràn á wá máa fò sókè sódò níwájú rẹ, ọ̀rọ̀ rẹ kò tiẹ̀ sí lọ́kàn rẹ̀. Ki ẹnu ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, dúró sí ẹ̀gbẹ́, má dúró síwájú ibi tí wọ́n ń dojú kọ, máa wo ẹsẹ̀ rẹ lóòrèkóòrè.

* * *

Nípa àwọ̀ aṣọ tó yẹ kí ènìyàn wọ̀ lọ sínú igbó, ẹ ti jà tó. Ohun tí ń dẹ́rù ba ẹranko ju àwọ̀ aṣọ lọ ni ìró rẹ̀ àti bí o ṣe ń mi apá. Aṣọ òjò tó ń dún ṣàràṣàrà ní gbogbo ìgbésẹ̀ burú ju aṣọ pupa lọ. Apá gígùn, ẹsẹ̀ gígùn, àwọ̀ tí kò pariwo, ó parí. Ẹni tó ń lọ sí Borneo tàbí Madagascar, kó wọ ìbọ̀sẹ̀ híhun tó nípọn tó dé orúnkún, nítorí eṣúṣú ibẹ̀ kì í dúró nínú omi. Orí ewé ló ń na ọrùn dè ọ́. Oògùn ẹ̀fọn tí wọ́n fi DEET ṣe dára, àmọ́ ó ń yọ́ ike. Nu ọwọ́ rẹ kí o tó di kámẹ́rà tàbí baínọ́kúlà, awò olójú méjì tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, mú.

Nígbà tí a ti dé orí baínọ́kúlà: nọ́ńbà àkọ́kọ́ lára rẹ̀ ni iye ìgbà tó ń sọ nǹkan di ńlá, èkejì ni fífẹ̀ ojú rẹ̀ ní mìlímítà. Àwọn tó ní kó ra 10x25 nítorí pé ó kéré, tó sì ń fa nǹkan súnmọ́ni jù, ojú gbangba ni wọ́n ti ń lò ó. Nínú igbó, ìmọ́lẹ̀ ló wọ́n. 8x42 á gba ìmọ́lẹ̀ wọlé jù ú lọ fíìfíì, kò sì ní máa gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ tó bẹ́ẹ̀. Ìwúwo rẹ̀ yẹn, fara dà á.

* * *

Ó tó àsìkò kí n dáhùn ti ẹkùn, nítorí àbúrò wa ti tún bèèrè.

Ọ̀pọ̀ fọ́tò ẹkùn inú igbó kìjikìji tí o ń rí, kò sí ènìyàn níbẹ̀ nígbà tí wọ́n yà á. Kámẹ́rà ni wọ́n so mọ́ ìdí igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ipa ẹranko. Bí nǹkan tí ara rẹ̀ gbóná bá kọjá níwájú rẹ̀, á ya á fúnra rẹ̀. Ó lè wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Àwòrán ewé tí afẹ́fẹ́ mì ló máa ń pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń bá níbẹ̀, èyí tó dáa díẹ̀ ni wọ́n ń fi hàn ọ́.

Èyí tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà, ojú gbangba ni wọ́n sábà ti ń yà á, kì í ṣe abẹ́ igi. Ẹ gbọ́ nípa Dzanga Bai ní Orílẹ̀-èdè Àárín Gbùngbùn Áfíríkà. Pápá kan ni láàárín igbó, àwọn erin igbó sì máa ń wá síbẹ̀ wá wa iyọ̀ ilẹ̀; ní ọjọ́ tó dáa, wọ́n lè lé ní ọgọ́rùn-ún. Andrea Turkalo, onímọ̀ nípa erin ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n látorí pèpéle onígi kan níbẹ̀ ní 1990, ó sì ṣe é fún ohun tó lé ní ogún ọdún, ó ń dá erin kọ̀ọ̀kan mọ̀ nípa etí àti eyín wọn, títí tí àwọn tó dá mọ̀ fi di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹni tó bá wọ inú igbó tó yí ibẹ̀ ká lè lo ọjọ́ púpọ̀ kó má rí ju ìgbẹ́ erin lọ. Igbó kan náà, erin kan náà.

Ní Tambopata ní Peru, bèbè odò ni. Àwọn odídẹ ńláńlá tí wọ́n ń pè ní macaw ń wá jẹ amọ̀ ara bèbè náà láàárọ̀. Àwọn kan ní májèlé inú èso tí wọ́n jẹ ni amọ̀ náà ń pa. Ìwádìí tó pọ̀ jù tọ́ka sí iyọ̀, nítorí ibẹ̀ jìnnà sí òkun, òjò kì í gbé iyọ̀ dé ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí ó ti wù kó jẹ́, àwọn tó ya fọ́tò wọn mọ ibi tí oúnjẹ wà, wọ́n sì tètè débẹ̀ jókòó.

* * *

Ọ̀rọ̀ kí á fi fóònù gbé ohùn ẹyẹ jáde kí ẹyẹ lè wá ló fa ìjà jù níbí, àwọn kan tiẹ̀ ti ń bú ara wọn. Ẹ jẹ́ kí n kó o pọ̀. Àwọn tó fara mọ́ ọn ní: ohùn kan péré, ẹyẹ yọ, gbogbo ènìyàn rí i, kò sẹ́ni tó kú. Wọ́n ní ó tiẹ̀ sàn ju kí ènìyàn máa ya igbó kiri láti wá a.

Èmi ò gbà. Ẹyẹ tó yọ yẹn kò wá kí ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́ ohùn akọ mìíràn lórí ilẹ̀ rẹ̀, ó fi oúnjẹ tàbí ìtẹ́ sílẹ̀ wá jà. Kò bá ẹni tí yóò bá jà, á sì máa fò kiri nígbà tí ẹ̀yin ń ya fọ́tò. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bóyá ó lè fara dà á. Ṣùgbọ́n ibi tí àlejò ń dé lójoojúmọ́, ẹyẹ kan náà ni gbogbo wọn ń pè, nítorí wọ́n ti mọ ibi tó ń gbé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ igbó tí ìjọba ń dáàbò bò fi fòfin dè é. “Àwọn onímọ̀ náà ń ṣe é.” Bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú ìwé àṣẹ, nítorí ìbéèrè kan tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin.

Fóònù wúlò láti gbọ́ ẹyẹ ju láti pè é lọ. Gba ohùn sílẹ̀, kí o wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Áàpù Merlin ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹyẹ mọ̀ nípa ohùn ní 2021, ẹyẹ Amẹ́ríkà Àríwá ló sì fi bẹ̀rẹ̀, nítorí náà má jẹ́ kí orúkọ tó bá kọ́kọ́ jáde nínú igbó olóoru di òótọ́ pọ́ńbélé lójú rẹ. Bí ó bá sọ orúkọ ẹyẹ tí kì í gbé ilẹ̀ ibi tí o wà, ó ti ṣì í.

* * *

Ẹnìkan ti bínú pé ẹranko nìkan la ń sọ, pé ewéko náà wà nínú igbó. Àǹtí, ẹ ṣé é. Ewéko tiẹ̀ ni mo fẹ́ kí á fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tó kù lẹ ń fà mí sí ẹ̀yìn ẹkùn.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni iye wọn. Ní erékùṣù Barro Colorado ní Panama, níbi tí wọ́n ti ń ka igi lórí abala ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 50 láti nǹkan bí 1980, irú igi tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí 300. Ní Yasuní ní Ecuador, hẹ́kítà 25 péré ní ju 1,000 lọ. Nítorí náà bí o bá rí igi kan tí o fẹ́ràn, tí o wá èkejì rẹ̀ yí ká tí o kò rí i, má rò pé ojú rẹ ló ti fọ́. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Janzen ní 1970 àti Connell ní 1971, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ló ṣàlàyé rẹ̀: kòkòrò àti àrùn tó mọ adùn igi kan dáadáa máa ń kó jọ sí ìdí rẹ̀, wọ́n á sì pa ọ̀pọ̀ irúgbìn tó bá bọ́ síbẹ̀. Èyí tí ẹyẹ tàbí ọ̀bọ gbé jìnnà ló ń rí ayé gbé. Ẹ wò ó bí a ṣe tún padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń jẹ èso.

Ìṣòro kejì ni pé ewé wà ní mítà 40 sókè, ojú rẹ sì wà nílẹ̀. Àwọn kan ní kí á mú àdá kí á ṣá èèpo, kí á wo àwọ̀ oje rẹ̀, kí á gbóòórùn rẹ̀. Àwọn onígbó ń ṣe é lóòótọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́: oje funfun, oje pupa, èèpo tó ń rùn bí aáyù, gbogbo rẹ̀ ní ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ ni olú àti kòkòrò ń gbà wọlé. Bí gbogbo àlejò tó kọjá bá ṣá igi ẹgbẹ́ ọ̀nà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, igi yẹn á di àpá látòkè délẹ̀. Àlejò kò nílò rẹ̀. Wo ohun tó já sílẹ̀: òdòdó, èso, ewé. Bí òdòdó tuntun bá tú ká sílẹ̀, gbójú sókè ní tààrà.

Ẹ̀tàn kan wà tí ó ń mú gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun tí o pè ní ewé kan lè jẹ́ ìdá kan lára ewé. Mú ẹ̀ka kékeré kan tó já bọ́. Wo ibi tí ọ̀pá ewé ti so mọ́ igi rẹ̀, ní abẹ́ apá rẹ̀ gan-an. Bí ìrudi kékeré kan bá wà níbẹ̀, tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ nígbà mìíràn, ewé odindi lo dì mú. Bí kò bá sí, tẹ̀ lé ọ̀pá náà sísàlẹ̀ títí tí wàá fi kan ìrudi. Gbogbo ohun tó wà látibẹ̀ dé òkè, ewé kan ṣoṣo ni, bí àwọn abala rẹ̀ tilẹ̀ tó ogún. Ẹni tí kò bá wo ibẹ̀ á máa wá orúkọ igi ní ojú ìwé tí kò sí.

Kí o sì yẹ ara igi wò, kì í ṣe orí rẹ̀ nìkan. Ọ̀pọ̀ igi abẹ́ òrùlé máa ń yọ òdòdó lára ìtí wọn. Kòkó, tí orírun rẹ̀ jẹ́ igbó Amazon, ni ẹni púpọ̀ mọ̀ jù. Bí o bá ń ya fọ́tò fún iNaturalist, ìkànnì tí a ń gbé fọ́tò ewéko àti ẹranko sí kí àwọn tó mọ̀ ọ́n lè bá wa sọ orúkọ rẹ̀, ya iwájú ewé, ẹ̀yìn rẹ̀, bí wọ́n ṣe tò lára ẹ̀ka, èèpo, àti ìdí igi. Fọ́tò ewé kan ṣoṣo lórí àtẹ́lẹwọ́, àwọn àgbà ibẹ̀ kì í dá a lóhùn, mi ò sì bá wọn wí.

* * *

Afinimọ̀nà: ẹ gbà á. Mi ò tiẹ̀ mọ ìdí tí èyí fi di àríyànjiyàn. Ẹni tí wọ́n bí sétí igbó á gbọ́ ẹ̀ka kan tó ṣẹ́, á sì mọ ohun tó ṣẹ́ ẹ. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ìfẹ́ láti tẹ́ àlejò lọ́rùn. Mo ti wà pẹ̀lú ọ̀kan tó ń fi àdá lu ìtí igi oníhò kí òwìwí lè fò jáde lọ́sàn-án gangan, nítorí pé àwọn tó ṣáájú wa ti fún un lówó fún irú rẹ̀. Kí ẹ tó gbéra, sọ fún un pé o kò wá nítorí ẹranko ńlá kankan, pé igi tó ń so ni kó mú ọ lọ. Ìwà rẹ̀ á yí padà lójú ẹsẹ̀. Á dín ìrìn kù, á máa fi ohun tó mọ̀ gan-an hàn ọ́.

* * *

Òru. Àwọn méjì ní kí ẹnikẹ́ni má wọ igbó lóru, àwọn yòókù ní òru ló dùn jù. Òru dùn.

Gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ tàbí kí o so ó mọ́ iwájú orí. Bí o bá gbé e sí ìbàdí, o kò ní rí ojú tó ń tàn, nítorí iná tó wọ ojú ẹranko ń padà síbi tó ti wá ni. Tẹ̀ẹ̀kín tẹ̀ẹ̀kín tó ń tàn lórí ewé gbígbẹ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ, ojú alántakùn ni. Ojú tó ń tàn pupa tàbí ọsàn lórí ẹ̀ka, tó ń parẹ́ tó tún ń yọ níbòmíràn, ẹranko kékeré tó ń jẹ lóru ni. Bí o bá ti rí i, dín iná kù tàbí kí o yí i sí pupa. Má tan iná funfun sójú rẹ̀ títí kí fọ́tò lè mọ́.

Ejò lẹ bẹ̀rù jù. Ọká igbó wà lóòótọ́, eyín rẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kò sì sí ejò mìíràn tí eyín oró rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀. Àárín ewé gbígbẹ ló ń sùn sí, àwọ̀ rẹ̀ sì bá ewé mu pátápátá. Má da ẹsẹ̀ kọjá igi tó wó lulẹ̀. Gun orí rẹ̀, tan iná sí òdìkejì, kí o tó sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kò bẹ̀rù tó, tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù, ni ẹ̀ka gbígbẹ tó so kọ́ lókè. Igbó ń ju igi sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, pàápàá bí òjò bá ti rin orí igi gbin tí atẹ́gùn sì dé. Kí o tó jókòó, wo ohun tó wà lókè orí rẹ. Bí ìjì bá ń bọ̀, jáde.

* * *

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo lè fọwọ́ kan àkèré?” Má fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe nítorí oró nìkan. Olú àìfojúrí kan wà, Batrachochytrium dendrobatidis, tó ń ba awọ àkèré àti ọ̀pọ̀lọ́ jẹ́ títí tí wọ́n fi ń kú. Ìwádìí kan tó jáde ní 2019 ní ó ti dín irú tó ju 500 lọ kù, tí nǹkan bí 90 nínú wọn sì jọ pé wọ́n ti run. Ẹrẹ̀ abẹ́ bàtà lè gbé e láti odò kan dé òmíràn. Fọ bàtà rẹ kúrò lẹ́rẹ̀, fi oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn nù ún, jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí o tó gbé e lọ sí igbó mìíràn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìnàkí. Ní igbó Taï ní Côte d’Ivoire, ìwádìí tó jáde ní 2008 fi hàn pé kòkòrò àrùn èémí ọ̀dọ̀ ènìyàn ló wà lára àwọn ìnàkí tí wọ́n ń pè ní chimpanzee tí ikọ́ pa níbẹ̀. Àwọn tó kú yẹn ti mọ ènìyàn lójú, àwọn tó fẹ́ràn wọn ló sì ń lọ wò wọ́n. Bí o bá ń kọ́ tàbí imú rẹ ń ṣomi, jókòó sílé. Bí ara rẹ bá dá, wọ ìbòmú, kí o jìnnà tó mítà mẹ́wàá ó kéré tán. Bí ọmọ ìnàkí bá ń bọ̀ wá bá ọ, ìwọ ni kó sún sẹ́yìn.

* * *

Àbúrò ti kọ̀wé pé òun ti rí igi tó ń so, pé òun fẹ́ gbé ibi tó wà síbí kí gbogbo ayé lè lọ. Àwọn kan ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Má ṣe é. Gbé fọ́tò síta, sọ irú igi náà, sọ oṣù tó ń so àti àwọn tó ń wá jẹ ẹ́. Ìyẹn wúlò fún gbogbo wa. Ibi tó wà gan-an, fi pamọ́. Àwọn tó ń wá odídẹ mú tà àti àwọn tó ń dẹ okùn ń ka ohun tí à ń kọ, igi tó ń so ni àwọn náà sì ń wá. iNaturalist fúnra rẹ̀ ń fi ibi tí wọ́n ti rí àwọn irú tó wà nínú ewu pamọ́, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ pé odídẹ mẹ́fà ló ń jẹun lórí igi lásán tí o ya. Wo inú fọ́tò náà pẹ̀lú: fóònù máa ń kọ ibi tí o dúró sí mọ́ ọn. Pa á kí o tó fi ránṣẹ́.